Gbé Ọwọ́ Yẹn Lọ Sí Ọsibítù, Àjíkẹ́

Ìgandó,
Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Mojísọ́lá, Àjíkẹ́ mi,

Ayọ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi kí ọ kí n tó bínú. Màá bínú nínú lẹ́tà yìí o, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló ṣáájú. Háà, Mojí! Kíṣìnnì yẹn! Látìgbà tí ẹ ti fi fídíò orí fóònù yí i ká hàn mí lánàá, ariwo mi ò tíì dákẹ́. Táìlì funfun títí dé òkè! Gáàsì olójú mẹ́rin! Fèrèsé méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé! Ẹ̀rọ omi tó jẹ́ pé bí o ṣe fọwọ́ kàn án ló ń tú jáde! Ìwọ tí o ń fi sítóòfù kan ṣoṣo dín pọ́fù-pọ́fù lẹ́yìnkùlé wa níbí, tí òjò á ṣú, tí èmi àtìẹ á máa sáré gbé epo gbígbóná wọlé bí ẹni tó jí nǹkan. Mo ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kódà mo sọ fún ọkùnrin tó ń ta omi lójú títì wa, ẹni tí kò bi mí léèrè rárá. Ó ní, "Ẹ kú oríire, Màmá." Mo ní àmín tó gbọ̀n ún jìgìjìgì.

Oṣù kan àbọ̀ péré lẹ́yìn ìgbéyàwó, o ti ní kíṣìnnì tìrẹ ní Ayọ̀bọ̀, o ti ní oníbàárà, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ ti Sátidé tó ń bọ̀ fún ọ. Ọpẹ́ yẹ Olúwa. Kúnlé ọkọ rẹ gbìyànjú. Àlàájà ìyá rẹ̀ gbìyànjú jù, tí wọ́n yọ̀ǹda òkè ilé fún yín, tí wọ́n fara mọ́ ìsàlẹ̀. Ìyá ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Mo gbàdúrà fún wọn lówùúrọ̀ yìí, tọkàntọkàn ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kíṣìnnì ti parí. Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ ọ̀tún?

O rò pé mi ò rí i, àbí? Àlàájà ló ń bá ọ di fóònù mú. Ìwọ ń fi ọwọ́ òsì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ò ń fi ọwọ́ òsì tan gáàsì, ọwọ́ ọ̀tún wà lábẹ́ ìborùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìwọ tí o ò lè fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí! Èmi tí mo bí ọ lo fẹ́ tàn jẹ! Mo ní kí o yọ ọ́ jáde, o ní kò sí nǹkan kan. Mo jágbe mọ́ ọ, o wá yọ ọ́. Aṣọ tí wọ́n fi wé e ti yí padà di àwọ̀ ìyeyè, ẹyin ti gbẹ mọ́ ọn lára gbagidi.

Nígbà náà lo tó sọ fún mi pé lọ́jọ́bọ̀, bí o ṣe ń gbọ́n pọ́fù-pọ́fù kúrò nínú epo, páànù yẹ̀, epo sì dà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ láti ìdí ìka dé ọrùn ọwọ́. Kúnlé ní kí ẹ lọ sí ọsibítù, Àlàájà ní kò tó bẹ́ẹ̀. Àlàájà fúnra wọn ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, tí wọ́n fi ìdùnnú sọ bí àwọn ṣe tọ́jú rẹ: wọ́n kọ́kọ́ fi omi ìgbín sí i, wọ́n fọ́ ẹyin tútù lé e, wọ́n wé e. "Ó sì ti ń san, Màmá Mojí!" Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, o ní, "Àní kò tilẹ̀ dùn mí mọ́, Mummy."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ kú ìtọ́jú, Àlàájà. Mo pa fóònù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀ mi.

Kí ló dé tí mi ò pè ọ́ padà? Nítorí ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, sípíkà lo máa ń sọ ọ́ sí, Àlàájà á sì ti máa kí mi kí n tó dá ọ lóhùn. Ìyá ìyàwó kì í gun orí fóònù kó máa sọ pé ìtọ́jú ìyá ọkọ ò dára. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Màá fi lẹ́tà yìí rán oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń gbé mi lọ sí Ìkọ̀tún, ó mọ Ayọ̀bọ̀ bí ẹni mọ owó. Bó bá dé ọwọ́ rẹ, wọ yàrá, ti ilẹ̀kùn, kà á tán. Má kà á sókè o!

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kan tí o bi mí nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. O ti ilé ìwé dé, o bú sẹ́kún, o ní, "Mummy, kí ló dé tí ẹ kì í dirun fún mi? Màmá gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń dirun fún wọn." Mo ní bí wọ́n ṣe bí mi nìyí, pé ìka méjì tó tẹ̀ lọ́wọ́ mi ọ̀tún, láti inú ìyá mi ni mo ti gbé e wá. Àjíkẹ́, irọ́ ni mo pa. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọwọ́ mi pé nígbà tí wọ́n bí mi. Ìwà òmùgọ̀ mi ló tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, Akowonjo ni mo ń gbé, iṣẹ́ irun dídì ni mo ń kọ́. Mo lọ́wọ́ níbẹ̀ o! Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó wù ọ́, mo lè dì í kí ọbẹ̀ tó hó. Àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó á wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fo ọ̀gá mi, wọ́n á ní ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn làwọ́n fẹ́. Ọ̀gá mi ò bínú. Wọ́n ní bí mo bá gba òmìnira, àwọn á fún mi ní ìdajì ṣọ́ọ̀bù.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni mò ń gbé, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, kíṣìnnì kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, mò ń dín dòdò. Ẹnìkan tan rédíò nínú yàrá, orin náà dùn, ni èmi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mò ń jó, mò ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà, mò ń jó. Ìdí mi gbá ọwọ́ páànù, páànù yẹ̀ kúrò lórí sítóòfù. Ènìyàn tó gbọ́n á fò sẹ́yìn. Èmi fọwọ́ hán an! Nítorí dòdò! Epo gbígbóná dà sí mi ní àtẹ́lẹwọ́ àti ìka, mo ké tí wọ́n fi gbọ́ mi lójú títì.

Gbogbo ilé ló tú jáde. Títí dòní, mo fẹ́ràn àwọn ènìyàn yẹn, torí ìfẹ́ ló gbé wọn sáré. Ṣùgbọ́n dúróòmù omi méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, kò sí ẹnìkan tó bu ife kan. Ìyá Rìsí tó kọjú sí mi sáré mú ẹyin wá. Màmá Túndé mú péèsìtì ìfọyín. Ìyá ológì tó wà ní yàrá ìparí bu ògì tútù. Lálẹ́, Bàbá onílé alára jáde wá, baba tí kì í bá ayálégbé sọ̀rọ̀, wọ́n mú ìgò epo pupa tí wọ́n ti po iyọ̀ mọ́, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kùn ún fún mi. Ta ni mí tí màá ní kí Bàbá onílé dáwọ́ dúró?

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà, gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe pé mi ò mọ ọ̀nà ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ṣọ́ọ̀bù wa ti sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé kí n lọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá lọ, wọ́n á ní ọmọ yìí ti fojú di àgbà ilé, ìtọ́jú wọn ò tó o. Kí ni mò ń ṣe? Bí Ìyá Rìsí bá yọjú láàárọ̀, màá ní, "Ẹyin yín yẹn mà ló tù mí, mà." Bí Màmá Túndé bá dé, màá ní péèsìtì ni. Bí ìyá ológì bá bi mí, ògì ni. Olúkúlùkù á sì tún fi tirẹ̀ kún un kó tó lọ. Ọwọ́ mi wá dà bí abọ́ tí wọn ò fọ̀ láti ìjẹta. Ọmọlúàbí ni mo pè é. Ọmọlúàbí kọ́, ojú ayé ni.

Lọ́jọ́ kẹta, kò dùn mí mọ́. Inú mi dùn! Mo dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara mi gbóná, ọwọ́ náà ń rùn. Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi bo imú, wọn ò tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan, wọ́n fà mí lápá òsì títí dé ọsibítù ìjọba. Nọ́ọ̀sì tú aṣọ náà, ó wò mí lójú, ó ní, "Sísì, ṣé ọwọ́ lo fẹ́ wò ni àbí ọbẹ̀ lo fẹ́ sè?" Ó fi omi ṣan gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gé aṣọ tí mo fi ń di ẹnu jẹ. Dókítà ní ìjóná náà ti wọnú jù, ó ti pa ibi tí ara fi ń mọ ìrora, ìyẹn ni kò fi dùn mí mọ́. Ó ní ká ní mo wá lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó ṣeé ṣe kí àwọn gba ìka náà là.

Ọgbẹ́ san. Ojú àpá ò jọ ojú ara: awọ tó padà hù fa ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò sì nà mọ́ títí dòní. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbìyànjú. Mi ò lè la irun tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó rọra sọ fún ọ̀gá mi pé, "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe tèmi, mà." Kò mọ̀ pé mo gbọ́. Mo gbé ìyarun sílẹ̀, mo kí ọ̀gá mi, mi ò padà mọ́. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ta ìwé àti bírò fún ọmọléèwé nìyẹn, iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ. Mi ò ráhùn, Ọlọ́run ò fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tí mo mú ọ lọ sọ́dọ̀ onídìrí, tí mo jókòó lórí àga tí mò ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn lórí ọmọ tèmi, ó dùn mí dé egungun. O ò mọ̀. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò kọ lẹ́tà kí o lè sunkún. Nu ojú rẹ, ká kọ́ ẹ̀kọ́.

Àkọ́kọ́, omi. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Bí epo, omi gbígbóná tàbí iná bá kan ara, pa gáàsì, kí o sì gbé ibẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi tútù tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú. Ogún o! Ó máa pẹ́ lójú rẹ, o máa rò pé ó ti tó, kò tíì tó. Má fi yìnyín sí i, yìnyín náà ń pa ara. Tètè bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka kí ibẹ̀ tó wú, torí bó bá wú tán, ayùn ni wọ́n á fi rẹ́ ẹ. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, má fà á. Lẹ́yìn omi, fi aṣọ mímọ́ tí kì í yọ òwú bò ó wẹ́rẹ́, má fún un pinpin. O lè lo oògùn ìrora. Ó parí. Ẹ̀rọ omi tí mò ń yìn láti àárọ̀ yìí, oògùn iná àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀!

Ẹ̀ẹ̀kejì, má fi nǹkan ọbẹ̀ sí ọgbẹ́. Ẹyin, epo pupa, iyọ̀, ògì, péèsìtì, omi ìgbín, bọ́tà, ewé: oúnjẹ ni ti oúnjẹ, ìfọyín ni ti eyín. Wọ́n ń gbé ìdọ̀tí wọnú egbò, wọ́n ń sé ooru mọ́ ọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí dókítà rí bó ṣe jinlẹ̀ tó. Bí ìléròrò bá hù, má bẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́, ìwọ tí o kì í lè rí irorẹ́ kí o má tẹ̀ ẹ́!

Ẹ̀ẹ̀kẹta, èyí sì ni ìdí lẹ́tà: ìgbà wo là ń lọ sí ọsibítù? Mi ò ní kí o máa sáré kiri nítorí pé ìdérí ìkòkò kan ọ́ níka. Bí ó bá kéré, tó pọ́n lásán, tí kò là, tí omi sì tù ú, padà sídìí iṣẹ́ rẹ jàre. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jó lọ, lọ. Bí ó bá jẹ́ ojú, ọrùn, ọwọ́, ẹsẹ̀, abẹ́, tàbí ibi tí egungun ti ń ṣẹ́po, lọ, bó ti wù kó kéré tó, torí ibẹ̀ ni awọ ti ń fa nǹkan tẹ̀. Bí ó bá yí apá tàbí ẹsẹ̀ po bí ẹ̀gbà, lọ. Bí ìléròrò rẹ̀ bá tóbi, lọ. Bí ibẹ̀ bá funfun, tàbí ó dúdú, tàbí ó gan bí awọ bàtà, sáré lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìjóná ńlá ni tí kò dun ẹni, Àjíkẹ́, ìyẹn ló burú jù! Ìrora tó wà, ara ló ṣì ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá dákẹ́ ni kí a bẹ̀rù.

Ọmọdé, arúgbó, aboyún àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í dúró wò ó. Ẹni tó fa èéfín símú, tó ń wúkọ́ tàbí tí ohùn rẹ̀ há, ẹni tí iná mànàmáná gbé, ẹni tí ásíìdì tàbí sódà tí wọ́n fi ń ṣí kòtò omi dà lé lára: lójú ẹsẹ̀ ni. Èyí tí a sì ti ń tọ́jú nílé, bó bá ń rùn, bó bá ń yọ ọyún, bí pípọ́n rẹ̀ bá ń ràn, bí ibà bá dé, tàbí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí kò san, ó di ti dókítà. Bí o bá sì dé ọ̀hún, béèrè abẹ́rẹ́ tẹ̀tánọ́ọ̀sì. Bi wọ́n, má tijú.

Ó yá, ka tìrẹ fún mi. Ọwọ́ ni àbí ẹsẹ̀? Ọwọ́ ni. Ṣé ó kan oríkèé ìka? Ó kan án. Ṣé ìléròrò hù? O ní ó hù tó ẹyin àparò kó tó bẹ́ sábẹ́ aṣọ. Ṣé ó ń dùn ọ́? O rẹ́rìn-ín, o ní kò dùn ọ́ mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ti tó, ìwọ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀! Òní sì ni ọjọ́ karùn-ún. Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé kó lọ sùn, Mojí. Ọwọ́ tí o fi ń po ìyẹ̀fun nìyẹn, ọwọ́ tí o fi ń jẹun, ọwọ́ tí o máa fi gbé ọmọ. Mi ò lè dúró kí ó tẹ̀ bí tèmi.

Ní ti Sátidé, pe oníṣẹ́ náà, bẹ̀ ẹ́, fi ọ̀rẹ́ rẹ kan tó mọ̀ ọ́n dín hàn án. Wọn ò ní yé bímọ ní Ayọ̀bọ̀, ìsọmọlórúkọ á tún wà. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́, iṣẹ́ ńlá tó kọ́kọ́ bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ni. Ó dun èmi náà, torí mo ti ń fi yangàn.

Kí n má gbàgbé: máa yí ọwọ́ páànù sínú, kó má yọ síta. Bí epo bá gbiná, pa gáàsì, fi ìdérí bò ó, má da omi sí i láé, má sì gbé e sáré. Bẹ́ẹ̀ ni kí o má jó nídìí epo. Àjogúnbá ni ijó yẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n pálọ̀ ni kí o ti máa jó o.

Ó wá ku èyí tó le jù, bí o ṣe máa sọ ọ́ fún Àlàájà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá Rìsí àti Bàbá onílé ò ṣe mí níbi, Àlàájà náà ò ṣe ọ́ níbi. Ohun tí ìyá wọn fi tọ́jú wọn ni wọ́n fi tọ́jú rẹ. Má sọ pé Mummy mi ló ní kí n má lò ó. Má sọ pé mo kà á lórí fóònù. Kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, kí o wí pé: "Àlàájà mi, ẹ ṣé mà. Ẹ kú ìtọ́jú láti ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi láyè kí dókítà bá wa wò ó, kí ọwọ́ yìí lè máa ṣiṣẹ́ sìn yín. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin gan-an mú mi lọ." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀! Ẹni tí o bá ní kó mú ọ lọ kì í sọ pé o fojú di òun. Ká ní mo mọ̀ ọ́n sọ fún Bàbá onílé nígbà náà ni.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Mo fẹ́ pa á dé níbí.

Oníkẹ̀kẹ́ ti dé, ó ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Mo ti dìde láti lọ fún un. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ mi kọ̀, mi ò lè fi lẹ́tà náà sílẹ̀, mo sì ti padà wá jókòó. Ta ni mò ń tàn? Mo mọ̀ ọ́. O máa kà á tán, o máa sunkún, o máa tún ní kó di ọ̀la, torí pé ìwọ náà ò fẹ́ kí wọ́n ní o fojú di àgbà. Ọmọ mi ni ọ́, ìwà mi ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti ní kí oníkẹ̀kẹ́ pa ẹ́ńjìnnì. Mò ń lọ wọ aṣọ.

Èmi ni màá fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, màá ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ìyá ni, kí o lọ kà á nínú yàrá. Bí o ṣe ń ka ìlà yìí, mo wà ní pálọ̀ yín, mo jókòó ti Àlàájà, mò ń bi wọ́n léèrè orúnkún wọn, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni mò ń rẹ́rìn-ín sí. Mi ò ní dárúkọ ọwọ́. Ilé wọn ni, àyè wọn ni. Ìwọ lo máa sọ ọ́. Jáde wá, kúnlẹ̀, má wo ojú mi. Oníkẹ̀kẹ́ ń dúró nísàlẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ gba ènìyàn mẹ́ta: Àlàájà, ìwọ, èmi.

Bí wọ́n bá ní kò tó ohun tí à ń lọ sí ọsibítù fún, má dìde. Màá gbé báàgì mi sílẹ̀, èmi náà á wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, níwájú àna mi, màá na ọwọ́ tèmi sí wọn kí wọ́n wò ó.

Ó yá, dìde.

Màmá rẹ tó ń dúró dè ọ́ ní pálọ̀.